Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀ náà “Tenant”

Ayálégbé ni a sábà máa ń pe “tenant”, ṣùgbọ́n “ẹni tí ó di nǹkan mú” ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Faransé tí ó ti wá. Nígbà tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọba nìkan ni a kà sí onílẹ̀. Àwọn ìjòyè pàápàá di “tenant” rẹ̀, wọ́n sì ń pèsè jagunjagun fún un.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ìdílé wa rí. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní London kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi èrò òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ sọ onílẹ̀ di ayálégbé.