Àwọn tíṣà tó padà di akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ wo àwọn tí a ń pè ní "Dádì" àti "Mọ́mì" ní kíláàsì. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó wá jókòó tì wá.

Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni níṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlá-Ọ̀ràngún, nígbà tí Ìlá ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. NCE ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ìpele 07 ni NCE ń gbé èèyàn sí. Dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní 08. Ẹni tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ mọ̀ pé ìyẹn kò kéré. Ọdún kejì ni yunifásítì sì sábà máa ń gbà wọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe tíṣà, akọ̀wé, oníròyìn àti oníṣòwò, ó ti bímọ, kó tó gba dìgírì ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì London ní 1944, lẹ́ni ọdún 35. Ilé níbí ló ti kà á! Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ lọ kọ́ òfin, ó di lọ́yà ní 1946.

Ní 1955, ìjọba rẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Ìlá jàǹfààní. Àwọn Ìgbómìnà ẹgbẹ́ wọn ní Òmù-Àrán, tó wà lábẹ́ Àríwá, kò rí i. Ọmọ wá pọ̀ ju tíṣà lọ, wọ́n sì gba àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún padà sí ilé-ìwé.