Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nígbà Tí Iyè Bá Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rà

Iyè rírà jẹ́ àìsàn ọpọlọ tó máa ń ba ìrántí, òye àti ọ̀rọ̀ sísọ àgbàlagbà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní lè dá ṣe ohun tó ti ń dá ṣe tẹ́lẹ̀. Àrùn Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará ilé á ní “Màmá ti ń ṣarán,” wọ́n á sì dá ọjọ́ orí lẹ́bi. Àrùn ni, ọ̀pọ̀ arúgbó wà tí kò ṣe rí.

Orúkọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Ẹni tó ń wá ṣíbí mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó tilẹ̀ lè fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń fi bu ọbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá sẹ́nu. Á ní kí wọ́n bá òun mú “nǹkan yẹn, èyí tá a fi ń jẹun.” Bí oṣù ti ń gorí oṣù, “nǹkan”, “ibẹ̀ yẹn” àti “lágbájá” á gba ipò orúkọ ohun, ibi àti ènìyàn. Nígbà mìíràn, ohun tó sún mọ́ ọn ni á dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni Auguste Deter ṣe, obìnrin ẹni ọdún 51 tí dókítà Alois Alzheimer yẹ̀ wò ní Frankfurt, ní Jámánì, ní 1901: ó pe ife ní ohun tí wọ́n fi ń da mílíìkì.

Kò sí ẹni tí orúkọ kì í há mọ́ lẹ́nu nígbà mìíràn. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń padà wá tó bá yá. Èyí tó yẹ kó kọ ará ilé lóminú ni kí ìgbàgbé orúkọ máa pọ̀ sí i, kí ẹni náà máa bi ìbéèrè kan náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ìtàn tó ń sọ sì máa ṣìnà láìdé ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń tan ni jẹ ni pé ìhun gbólóhùn máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni, àdúrà, orin àti oríkì tó ti há sórí láti kékeré. Àlejò lè jókòó ti bàbá fún wákàtí kan, kí bàbá béèrè pé “Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” kó tún ṣàdúrà tó gún régé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni rárá. Àlejò á lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Ọmọ tó ń gbé ilé ló mọ̀.

Ìwé Iris Murdoch, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Dublin, tí Alzheimer ṣe, tó sì kú ní 1999, fi hàn kedere pé ìhun gbólóhùn máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ní 2005, olùwádìí Peter Garrard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé ìtàn rẹ̀ ìkẹyìn, Jackson's Dilemma (1995), wé Under the Net (1954) àti The Sea, The Sea (1978). Ìhun gbólóhùn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ tó ń lò ló ti dín kù. Nígbà tí ìwé náà jáde, dókítà kò tíì sọ pé Alzheimer ń ṣe é.

Ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992 lórí iyè rírà láàárín àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65. Yorùbá ni wọ́n fi bi wọ́n léèrè: kí ni à ń pe ìgúnpá, kí ni à ń fi òòlù ṣe, orúkọ ẹranko mélòó ni wọ́n lè kà ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n tún bi ará ilé bóyá ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún àgbà náà láti rí. Ìgbésẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni.

“Ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?” ni ìbéèrè tó máa ń dójú ti aláìsàn jù. Ó sàn kí ọmọ kí i, kó sì dárúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n má sì tíì gbà pé iyè ló rà kí dókítà tó yẹ ẹni náà wò, nítorí etí dídi, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìtó fítámì B12 lè jọ ọ́, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú.