Oúnjẹ Inú Òru: Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú Tó Bọ́ Bìáfúrà

Láàárín 1968 sí 1970, àwọn awakọ̀ òfuurufú tí kì í ṣe sójà ń fi òru gbé oúnjẹ àti oògùn wọ Bìáfúrà, apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà tó ti yapa. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọkọ̀ òfuurufú bọ́ ìlú Berlin ní 1948 sí 1949, ayé kò tíì rí irú rẹ̀; ti Bìáfúrà yìí sì rèé, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú ló dá a sílẹ̀. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967. Nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968, ọ̀nà òkun dí pa. Ebi wọ̀lú, àwọn ọmọdé ló sì mú jù: ikùn àti ẹsẹ̀ wọn wú, irun orí wọn pọ́n. Kúwaṣíọ́kọ̀ nìyẹn, àìrí ẹja, ẹran àti ẹ̀wà jẹ ló ń fà á.

Uli, ibi tí àwọn ọkọ̀ náà ń balẹ̀ sí, kì í ṣe pápá ọkọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀. Títì ọlọ́dà láàárín Owerri àti Onitsha ni wọ́n fẹ̀ sí i, títí ó fi tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 75 ní ìbú. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń balẹ̀ sórí irú títì bẹ́ẹ̀ lóru.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ń gbéra ní São Tomé, erékùṣù tó wà lábẹ́ àwọn Pọtogí nígbà náà. Bó bá ti ń súnmọ́ etíkun, awakọ̀ á pa gbogbo iná ara ọkọ̀. Lókè Uli, á máa yí po nínú òkùnkùn, á máa retí àṣẹ lórí rédíò. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ balẹ̀ gan-an kí wọ́n tó tan iná ẹ̀gbẹ́ títì. Bí táyà bá ti kan ilẹ̀, wọ́n á tún pa á, nítorí ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ìjọba àpapọ̀ wà lókè níbẹ̀, iná yẹn ló ń ṣọ́. Àwọn èèyàn á sáré já ẹrù: wàrà oníyẹ̀fun, iyọ̀, oògùn, àti ẹja pánla tí wọ́n sá gbẹ ní Norway. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà, àwọn ọmọ tí àìsàn ti wọ̀ lára ló máa ń gbé lọ sí Gabon, São Tomé àti Ivory Coast.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò mọ́ tónítóní. Father Anthony Byrne àti ẹgbẹ́ Caritas ti Ìjọ Àgùdà kò ní ọkọ̀ tiwọn, inú ọkọ̀ Hank Wharton, ará Amẹ́ríkà tó ń kó ohun ìjà fún Bìáfúrà, ni wọ́n ti ń ra àyè fún oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọ para pọ̀ di Joint Church Aid, tí wọ́n wá ọkọ̀ tiwọn. Àwọn ará Kánádà dá Canairelief sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ń fò láti erékùṣù Fernando Pó. Nígbà tí ìjọba tuntun ibẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́, wọ́n fi Cotonou kún un ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969. Lára àwọn awakọ̀ náà, owó oṣù ni àwọn kan ń gbà, àánú ló sì gbé àwọn mìíràn wá. Ewu kan náà ni gbogbo wọn ń kó sí. Ní 3 oṣù Kẹjọ 1969, ọkọ̀ Canairelief kan já, òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Títí ogun fi parí, Joint Church Aid fò ní ìgbà 5,314, wọ́n sì gbé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù.

Ohun tó ń da iṣẹ́ náà rú ni pé òru tó bo ọkọ̀ oúnjẹ ló bo ọkọ̀ ìbọn, Uli kan náà sì ni méjèèjì ń balẹ̀ sí. Ìjọba àpapọ̀ ní kí oúnjẹ máa wá lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹrù wò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ojukwu, olórí Bìáfúrà, kọ̀, ó ní wọn yóò fi ìyẹn dọ́gbọ́n kọlu òun.

Kò sí ẹni tí ìṣòro yìí hàn lára rẹ̀ tó Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden. Ó ti wa ọkọ̀ aláìsàn fún Alágbèélébùú Pupa ní Ethiopia nígbà tí Ítálì kọlu ibẹ̀ ní 1935. Ní oṣù Kẹjọ 1968, ó fò mọ́ orí igi láti São Tomé dé Uli, kí ìbọn ìjọba àpapọ̀ má baà rí i, èyí sì fi àwọn ìjọ lọ́kàn balẹ̀ pé ọ̀nà ṣì wà. Ṣùgbọ́n ní 22 oṣù Karùn-ún 1969, òun kan náà kó àwọn bààlúù kékeré ti Sweden tí wọ́n de rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, ó sì kọlu pápá ọkọ̀ òfuurufú Port Harcourt. Àánú ló ní ó sún òun dé ibẹ̀. Síbẹ̀ àṣìṣe ńlá ni fún ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 5 oṣù Kẹfà, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn lu ọkọ̀ Alágbèélébùú Pupa kan nítòsí Eket, gbogbo òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì kú. Ẹgbẹ́ náà dá fífò dúró, ẹrù tó ń wọlé sì dín kù gidigidi. Àwọn ìjọ kò fi tiwọn sílẹ̀ títí Uli fi bọ́ ní oṣù Kínní 1970.

Von Rosen kú sí Gode ní Ethiopia ní 1977, ibi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ nígbà ogun Ogaden. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé, tí díẹ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ ní Bìáfúrà, ti bá àwọn oníròyìn dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní 1971. Ní ìyàtọ̀ sí ti Bìáfúrà, nígbà tí ìyàn mú ní gúúsù Sudan, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé kọ́kọ́ bá ìjọba Khartoum àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣàdéhùn ní 1989, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Lokichoggio ní Kenya, lójú ọ̀sán.