Ojú Alákàn, Ojú Awakọ̀ Bààlúù

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí àgbà bá pa òwe yìí fún ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò, ohun tó ń sọ ni pé kó máa wo ọ̀tún, kó máa wo òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lúgọ de alákàn létí odò rí mọ̀ pé òwe náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹranko yìí yọ sókè bí ẹni gun igi. Bí ewu bá sì dé, á ká a wọlé sábẹ́ ìkarahun rẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ orí, òun náà ní ìṣọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún ojú awakọ̀ bààlúù.

Ní Awo, lẹ́bàá Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ bààlúù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè bó ti jọ. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, tí Awo jẹ́ olú rẹ̀, ni Ìdó-Ọ̀ṣun wà, pápá bààlúù tó ti wà níbẹ̀ láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n sì fi sọrí MKO Abíọ́lá. Ọmọ àdúgbò yìí tó bá ń lá àlá àtiwa bààlúù kò ní bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ojú. Ìlànà tí ICAO, àjọ àgbáyé lórí ọkọ̀ òfúrufú, là sílẹ̀, tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú, ń bójú tó ní Nàìjíríà, ni pé kí ojú kọ̀ọ̀kan awakọ̀ bààlúù èrò tó 6/9, kí méjèèjì pa pọ̀ tó 6/6. Ìtumọ̀ 6/9 ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń kà láti mítà 9, kí òun rí i kà láti mítà 6. Bó fi awò ojú rí i, kò burú. Àìsàn tí awò kò lè ràn lọ́wọ́ ló dẹ́rù bani.

Lẹ́yìn pátápátá nínú ẹyinjú ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ sí, rẹ́tínà ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé lórí, òun ló sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ó lè ya, kí omi gba ojú ibẹ̀ wọlé, kó sì ṣí i bí òjò ṣe ń ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kì í dunni. Ibẹ̀ ló ti burú. Mànàmáná á máa kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, nǹkan dúdú á máa fò kiri bí ẹ̀fọn, lẹ́yìn náà ni aṣọ dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bo ìríran láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá rí èyí, kó má kán omi ewé sí i o. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àìsàn mìíràn wà tó ń yọ́ wọlé. Nínú àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, a máa ń sọ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SC yọ ju SS lọ, torí pé ìrora rẹ̀ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ojú kò gba ìyẹn gbọ́: ara SC ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára ti máa ń hù jù lórí rẹ́tínà. Àtọ̀gbẹ náà ń fa irú rẹ̀. Lésà ni wọ́n fi ń jó ẹ̀gbẹ́ rẹ́tínà kí àárín lè yè, ṣùgbọ́n ìríran ẹ̀gbẹ́ àti ti òru lè dín kù. Àgbẹ̀ lè má fura. Awakọ̀ tó ń wá iná pápá nínú òkùnkùn á fura.

Ti gáàsì ló yà mí lẹ́nu jù. Bí dókítà bá ń tún rẹ́tínà tó ṣí ṣe, ó lè fi gáàsì sínú ẹyinjú kó máa tì í mọ́ ògiri. Wọ́n lè ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní SF6 ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2, C3F8 lè tó ọ̀sẹ̀ 8. Ní gbogbo àkókò yìí, bààlúù di èèwọ̀. Afẹ́fẹ́ inú bààlúù tó wà lókè lè fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, gáàsì náà á sì wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹyinjú kì í ṣe bàlúù ọmọdé tó ń fẹ̀. Ìfúnpá inú rẹ̀ á ga, ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè wọlé mọ́, ojú sì lè fọ́ kí wọ́n tó balẹ̀. Èyí kan awakọ̀, ó kan òṣìṣẹ́ tó ń pín oúnjẹ, ó kan ìyá àgbà tó ń re Lọ́ńdọ̀nù lọ gbé ọmọ jó. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ní Ìbàdàn lè wọ mọ́tò padà sí Awo, àmọ́ bó bá jẹ́ Jọ́ọ̀sì tó ga ju mítà 1,200 lọ ló ń lọ, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Awakọ̀ tó ń fi irú àìsàn yìí pa mọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Síbẹ̀, mi ò lè gbè é lẹ́yìn, torí orí tó ń ṣọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí gáàsì bá ti tán, wọ́n á tún wọn ìríran iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú àkọsílẹ̀ lára ìwé ìlera rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dá wa bààlúù láìsí awakọ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.