Ọdún Kìn-ín-ní ní Ilé-Ẹ̀kọ́: Láti Òkè-Agbo dé Ilé-Ifẹ̀

Kí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí tó di ohun tí ó kárí ilé, apá ọmọ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó ilé-ìwé í lọ. Olùkọ́ yóò ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá kàn án, ìyá rẹ̀ yóò fà á padà sílé di ọdún tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà, tí wọn kò ju bí 457,000 lọ ní ọdún 1954, di 811,000 ó lé ní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó kan etí lọ́dún náà.

Ó yẹ kí àwọn ará Òkè-Agbo mọ ẹni tí ó gbé ètò yìí kalẹ̀, nítorí ọmọ àdúgbò ni. Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ọmọ Àwà-Ìjẹ̀bú ni. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ní 1952 ni ó gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú kan náà tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nnárì títí di ogun Ìmàgbọn ní ọdún 1892 ni ó wá bí ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún gbogbo ẹkùn.

Kí ni ọmọ ń kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn? Ṣáájú 1955, ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ètò tuntun gé e kù sí mẹ́fà, ohun tí ọmọ ń fi sùúrù kọ́ tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí a ń kánjú kọ́. Síbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ yóò jókòó ti síléètì, yóò mọ a, b, d, yóò so kọ́ńsónáǹtì pọ̀ mọ́ fáwẹ̀lì títí yóò fi ka ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, kọ ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọdúnjọ fúnra rẹ̀ wà nínú ìjọba Awólọ́wọ̀, ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́.

Fún ọmọ Ìjẹ̀bú, Yorùbá inú ìwé kì í ṣe ti ilé pátápátá. “Eghó” ni ó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, “owó” ni olùkọ́ kọ sí ara pátákó. Ó ń kọ́ ẹ̀ka-èdè kejì kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé rárá. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé ètò-ẹ̀kọ́ kankan, ṣùgbọ́n kò pa ọmọ lára, nítorí afárá kúkúrú ni.

Níbi ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ ka obì lọ́jà ti mọ̀ pé mẹ́rìnlá jẹ́ mẹ́rin lé mẹ́wàá, àti pé mẹ́rìndínlógún jẹ́ ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Àròpọ̀ àti àyọkúrò ti wà nínú orúkọ òǹkà. Bí a bá ń fi Yorùbá kọ́ ọ, ohun tí ó kù fún olùkọ́ ni láti fi ohun tí ọmọ ń sọ hàn án. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, orúkọ lásán tí kò ní ìtumọ̀ fún un ni yóò kọ́ sórí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó fi èyí sínú ìdánwò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ kan gba gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà ní Yorùbá, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yòókù gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ti Yorùbá kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn alátakò ní àwíjàre. Ìwé tuntun, olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ lákànṣe, owó láti òkèèrè: ilé-ìwé mélòó ní Òkè-Agbo tàbí Àgọ́-Ìwòyè ni ó ní irú rẹ̀? Àtakò yìí lágbára. Ṣùgbọ́n àìní ìwé àti olùkọ́ ni ó ń tọ́ka sí, kò sọ pé èdè ni ó kùnà.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1977 gbà pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Nínú ìṣe, àwọn ilé-ìwé aládàáni mú Gẹ̀ẹ́sì lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn òbí sì ń sanwó fún un tayọ̀tayọ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ti Ifẹ̀ gan-an. Kò tíì mú gbòǹgbò nígbà tí Mínísítà Tunji Alausa kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tí ó mú wá ni pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò àṣekágbá. Ìlànà 2022 kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà, kò sì sí ọmọ kan tí ó ti gba ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ já lábẹ́ rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé ó dé ìdí ìdánwò àṣekágbá. Ní ti ìlànà, ọmọ tí ó ń ka obì fún ìyá rẹ̀ ní Òkè-Agbo yóò tún òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè mìíràn lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì.