Medicaid fún Àgbàlagbà tó Jẹ́ Aláàbọ̀ Ara láti Kékeré

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan wà tí kì í jẹ́ kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìní, bọ́ lọ́wọ́ aláàbọ̀ ara nítorí pé owó ìrànwọ́ rẹ̀ yí padà. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje, 1987.

Ẹni tí àìlera rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 22 lè máa gba SSI, owó oṣooṣù fún aláìní, kí Medicaid sì máa bá a rìn. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú, tó fẹ̀yìn tì, tàbí tí àìlera dá òbí náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, Social Security, ètò ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, lè máa san owó mìíràn fún un lórí iṣẹ́ tí òbí ṣe. Owó yìí sábà máa ń ju SSI lọ, SSI á sì dáwọ́ dúró. Láìsí òfin yìí, àlékún kékeré ìbá gba oògùn àti olùtọ́jú ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè wo nìyẹn?

Nítorí náà, wọn kì í ka owó tuntun náà tí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí Medicaid wò. Àmọ́ wọ́n ṣì ń wo dúkìá, tí kò gbọdọ̀ ju $2,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún arúgbó àti aláàbọ̀ ara, máa ń wọlé lẹ́yìn oṣù 24 tó bá ti ń gba owó tuntun náà, ṣùgbọ́n kì í san owó ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá já Medicaid rẹ̀ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.