Igbákejì: Ta Ló Ń Gbọ́ Àṣẹ Rẹ̀ Lọ́jọ́ Tí Ọ̀gá Ò Sí?

  Ìtàn la tún fẹ́ sọ.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ló bi mí pé, "Bùrọ̀dá, a mọ ọ̀gá àgbà àwọn ológun òfurufú. Ta wá ni igbákejì rẹ̀?" Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni mo rí i pé ìbéèrè yẹn ti da orílẹ̀-èdè yìí rú rí.

Ní Amẹ́ríkà, ìdáhùn rẹ̀ ò le. Ní 1947 tí iléeṣẹ́ ológun òfurufú wọn dá dúró, wọ́n yan ọ̀gá àgbà, wọ́n sì yan igbákejì tì í. Hoyt Vandenberg ni igbákejì àkọ́kọ́. Nígbà tó di 1948 tí ọ̀gá rẹ̀, Carl Spaatz, fẹ̀yìn tì, òun náà ló bọ́ sórí àga.

Tiwa yàtọ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ará Jámánì ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ẹ lọ sí abala 218. Ó ní ààrẹ ló máa yan olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú. Kò dárúkọ igbákejì kankan níbẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀gá ńláńlá pọ̀ ní olú iléeṣẹ́ wọn l'Ábújá: ẹni tó ń mójú tó ètò, ẹni tó ń mójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́ ogun, ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ báálù. Àmọ́ tí àga olórí bá ṣófo, ààrẹ ló máa sọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀.

Àga náà sì ti ṣófo lójijì rí. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao tó jẹ́ olórí àwọn ológun òfurufú nìkan ló wà nínú báálù tó ń wà. Báálù náà já ní Uzebba, ó sì kú. Emmanuel Ikwue ni ìjọba wá fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, 2021, báálù tún já ní Kaduna, ó pa Ibrahim Attahiru, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ààrẹ kéde Farouk Yahaya. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹni tó máa yan arọ́pò ṣì wà láàyè, nǹkan ò sì dàrú.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ń yan èèyàn gan-an ni kò sí mọ́ ńkọ́?

Láti Ṣágámù, tí ẹ bá gba Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìlíṣàn, ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó já sí Àgọ́-Ìwòyè. Àwa Rẹ́mọ la ni Ìlíṣàn, Ìjẹ̀bú ni Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn ọ̀dọ́ mọ ìlú náà dáadáa nítorí Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Babafemi Ogundipe sí ní 1924. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1941, ó jagun ní Burma, ó ṣiṣẹ́ ní Congo. Nígbà tí Aguiyi-Ironsi di olórí ìjọba ní oṣù Kìíní, 1966, Brigadier Ogundipe ló fi ṣe ọ̀gá ní olú iléeṣẹ́ gbogbo ológun. Nínú ìjọba sójà yẹn, òun ni igbákejì.

Ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún kan náà, àwọn sójà dìtẹ̀. Wọ́n mú Ironsi n'Ìbàdàn pẹ̀lú ẹni tó gbà á lálejò, Adekunle Fajuyi, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ogundipe wà l'Ékòó. Tí a bá ní ká to wọn bí wọ́n ṣe jẹ́ àgbà síra wọn lẹ́nu iṣẹ́, òun ló kàn. Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òòbẹ̀ wà nílẹ̀, àwọn tó fẹ́ rúbọ ló kọ̀ ọ́.

Ogundipe kó ìwọ̀nba sójà jọ pé kí wọ́n lọ gba Ìkẹjà padà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó pàṣẹ fún sójà kékeré kan, onítọ̀hún dá a lóhùn pé àfi tí ọ̀gá tòun bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: sójà tí kò ní nǹkan kan léjìká kọ̀ sí Brigadier lẹ́nu! Ogundipe rí i pé orúkọ oyè nìkan ló kù sóun lọ́wọ́. Ó yẹ̀ bá, ó sì kúrò nílùú. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, Yakubu Gowon tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ sórí rédíò, ó kéde pé òun ti gba ìjọba. Gowon wá fi Ogundipe ṣe aṣojú Nàìjíríà ní London. Ìlú Ọba náà ló kú sí ní 1971.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni. Ojukwu, gómìnà Ìlà Oòrùn, fárígá. Ó ní òun ò lè gba Gowon lọ́gàá nígbà tí àgbà rẹ̀ ṣì wà láàyè. Wọ́n jókòó sọ ọ́ ní Aburi, ní Ghana, ní oṣù Kìíní, 1967, kò yanjú. Ìpakúpa tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní Òkè Ọya ló dá ọgbẹ́ tó jìn jù lọ, síbẹ̀ ìjà lórí ẹni tó yẹ kó jọba wà lára iná tó jó wa. Nígbà tó di oṣù Keje, 1967, ogun bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀mí tí kò lóǹkà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, sí Ìkẹ́nnẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí Ogundipe ń wá ọ̀nà àtilọ ni Gowon ní kí wọ́n tú Ọbafẹmi Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Calabar. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Awólọ́wọ̀ di kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ di igbákejì, ṣùgbọ́n igbákejì níbi ìpàdé ni. Kò sí sójà tó ń gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1971.

Igbákejì kejì láti Ìkẹ́nnẹ́ ni Yẹmi Ọ̀ṣínbàjò, tó fẹ́ ọmọ ọmọ Awólọ́wọ̀. Kí tirẹ̀ tó kàn, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, 2009, Ààrẹ Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia láì kọ lẹ́tà sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Goodluck Jonathan, wà nílé láìmọ èyí tó lè ṣe, títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi sọ ọ́ di adelé ààrẹ ní oṣù Kejì, 2010. Lọ́dún yẹn ni wọ́n tún abala 145 ìwé òfin ṣe: ààrẹ tó bá ń lọ ìsinmi gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà. Tí ọjọ́ 21 bá kọjá tí kò kọ ọ́, àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ gbé àṣẹ lé igbákejì lọ́wọ́.

Oṣù Karùn-ún, 2017, Ààrẹ Buhari tún lọ gba ìtọ́jú ní London. Ó kọ lẹ́tà. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pé ó ní kí igbákejì òun máa darí iṣẹ́ ìjọba, kò pè é ní adelé ààrẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà dárúkọ abala 145, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn parí sí.

Ní oṣù Keje, Boko Haram kọlu àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ní Borno, wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀ṣínbàjò pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀gá àgbà ológun kó lọ sí Maiduguri. Ti òfurufú wà nínú wọn. Wọ́n lọ.

Ẹ gbé e sára wọn. Ní 1966, Brigadier tó ti jagun ní Burma pàṣẹ, sójà kékeré kọ̀. Ní 2017, lọ́yà tí kò wọ aṣọ ológun rí pàṣẹ, àwọn ọ̀gá àgbà ológun gbéra. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Òfin ló wà lẹ́yìn Ọ̀ṣínbàjò, àti lẹ́tà tí gbogbo ayé rí. Ní ti Ogundipe, òfin tí ìjọba wọn fi gorí oyè ni ìbọn, ìbọn náà sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń pe igbákejì ní sípíà táyà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó gbọ́n tó máa dúró dìgbà tí táyà bá fọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ kó tó wò ó bóyá èyí tó wà nínú búùtù ní afẹ́fẹ́ nínú. Tẹ́ ẹ bá ní ẹgbẹ́, tẹ́ ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ bá ń darí ohunkóhun, ẹ dárúkọ igbákejì yín báyìí tára yín le, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó tó gẹ́ẹ́ fún tòní. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan. Ó dìgbà kan ná.